Ṣé ohun kan náà ni sùúrù àti kí á dúró de Olúwa?

Ìbéèrè: Èmi kì í ṣe àlùfáà, ọmọ ìjọ lásán ni mí, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n wàásù lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ lórí Àìsáyà 40:31, “àwọn tí ó bá dúró de Olúwa.” Òwe “Sùúrù ni baba ìwà” ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Àbí ìtumọ̀ wọn ò bára mu?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìmúra o. Ẹ lè pa òwe náà, kò burú, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó di òpó tó gbé ìwàásù yín ró. Ohun kan náà kọ́ ni wọ́n.

Ìwà ni sùúrù. Ènìyàn lè ní in kó má sì máa retí ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní ẹni tó bá ní sùúrù á se òkúta, á sì mu omi rẹ̀. Ẹni yẹn ń ṣe sùúrù lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń bọ̀ wá bá a nídìí ààrò. Ti “dúró dè” yàtọ̀. Bí ẹ bá sọ pé “mo dúró dè” tí ẹ sì dákẹ́ síbẹ̀, ẹni tó ń gbọ́ yín á ní, “Ta lẹ dúró dè?” Ọ̀rọ̀ náà kò pé títí ẹ ó fi dárúkọ ẹnì kan. Nínú òwe yín, ẹni tó ní sùúrù là ń yìn. Nínú ẹsẹ Bíbélì yín, Ẹni tí à ń dúró dè ni gbogbo ọ̀rọ̀ rọ̀ mọ́. Ẹ ka ẹsẹ 28 ẹ ó rí i: kí wòlíì tó sọ ohunkóhun nípa àwa tó ń dúró, ó kọ́kọ́ sọ pé Ọlọ́run kì í ṣàárẹ̀, kì í sì í rẹ̀ ẹ́.

Ẹ wo “dè” yẹn dáadáa. À ń sọ pé “tan iná dè mí,” “ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ dè é,” “bu oúnjẹ dè wọ́n.” Níbi gbogbo tí “dè” yìí bá ti wọlé, ẹnì kan ń bọ̀, ẹnìkejì sì ti ń ṣe nǹkan sílẹ̀ kó tó dé. Ẹni tó tan iná dè yín kò bá ara rẹ̀ jiyàn bóyá ẹ ó wá. Wákàtí tí ẹ ó dé nìkan ni kò mọ̀. Àwọn kan máa ń tẹ “dúró” náà, pé kò sọ pé kí á jókòó tàbí kí á sùn, orí ẹsẹ̀ ló ní kí á wà. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n ẹ má fà á jù, torí ẹni tó fẹ̀yìn ti àga náà lè sọ pé òun ń dúró de ọ̀rẹ́ òun.

Nígbà tí ẹ bá ń kà á síta, ẹ ṣọ́ ohùn rẹ̀: “dúró dè é” ni, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ orúkọ bá tẹ̀ lé e, ohùn “dè” á gòkè díẹ̀, á di “dúró de Olúwa.” Bí ẹ bá kà á bíi “dé,” bí ìgbà tí àlejò dé, ọ̀rọ̀ náà dàrú nìyẹn. Kì í sì í ṣe “dúró ti Olúwa.” Ẹni tó wà níbẹ̀ là ń dúró tì, ẹni tó ń bọ̀ là ń dúró dè.

Ní èdè Hébérù tí wọ́n fi kọ Àìsáyà, ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ni qavah. Ìretí ń jẹ́ tiqvah lédè náà, tiqvah yìí kan náà ni Jóṣúà orí 2 sì pe okùn pupa tí Ráhábù so mọ́ fèrèsé. Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan sọ fún yín pé “dè” náà ni à ń lò fún kí á fi okùn de nǹkan, pé ẹ ò rí i pé Yorùbá àti Hébérù bára wọn tan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sílẹ̀. Ohùn ọ̀rọ̀ méjèèjì ló ṣe kòńgẹ́. Okùn Ráhábù nìkan tó yín í wàásù: obìnrin tó so ó mọ́ fèrèsé kò mọ ọjọ́ tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì yóò wọ ìlú, síbẹ̀ ó so ó.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dúró sí pẹ́ ni Sáàmù 40:1, torí ibẹ̀ ni ìbéèrè yín ti rí ìdáhùn jù. Ìtumọ̀ Bíbélì Yorùbá kan kà pé, “Èmi fi sùúrù dúró de Olúwa.” Nínú ti Hébérù, kò sí ọ̀rọ̀ kan lọ́tọ̀ tó ń jẹ́ sùúrù níbẹ̀. Ohun tí Dáfídì ṣe ni pé ó pe qavah lẹ́ẹ̀mejì: qavoh qiviti. Àwa náà máa ń sọ̀rọ̀ báyẹn. “Lílọ ni mo lọ,” “sísá ló sá.” Bí a bá fi Yorùbá ẹnu wa gbé e, á di “Dídúró ni mo dúró de Olúwa.” Àwọn olùtumọ̀ fi “sùúrù” gbé àtẹnumọ́ yẹn, wọn ò ṣì í. Àmọ́ sùúrù ibẹ̀, inú dídúró ló ti jáde. Bí ẹ bá fẹ́ sọ̀rọ̀ sùúrù, ẹ gbà á láti ibẹ̀ yẹn.

“Yóò tún agbára wọn ṣe” tó tẹ̀ lé e nínú Àìsáyà 40:31 náà fẹ́ àlàyé. Létí wa, ó dà bí ẹ̀rọ tó bàjẹ́ tí wọ́n tún ṣe. Ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ Hébérù náà ni pípààrọ̀. Òun ni Jẹ́nẹ́sísì 41:14 lò nígbà tí Jósẹ́fù pààrọ̀ aṣọ kó tó wọlé tọ Fáráò. Aṣọ túbú bọ́, òmíràn wọlé.

Fún àpẹẹrẹ, gbogbo ènìyàn á rántí Ábúráhámù, ẹni ọdún 75 nígbà tó kúrò ní Háránì, 86 nígbà tí wọ́n bí Íṣímáẹ́lì, 100 nígbà tí wọ́n bí Ísáákì. Ó dára, ṣùgbọ́n Sọ́ọ̀lù nínú 1 Sámúẹ́lì 13 ni èmi ì bá mú. Ọjọ́ méje ni wòlíì Sámúẹ́lì ní kó dúró de òun, ó sì dúró fún ọjọ́ méje! Ẹ ò lè sọ pé kò ní sùúrù rárá. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ tó ń sá lọ ló ń wò, kò wo ẹni tó ń bọ̀ mọ́. Bó ṣe rú ẹbọ tán ni Sámúẹ́lì yọ.

Bó bá jẹ́ òwe lẹ fẹ́ dandan, mo fara mọ́ “Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba” ju tiyín lọ. Akólòlò kò pa ẹnu dé. Ó ń pè é, kò tíì jáde ni.

Ẹ tún rántí pé nínú ìjọ yín, àwọn kan wà tí a máa ń sọ nípa wọn pé wọ́n ń wojú Olúwa. Wọ́n á máa gbọ́ yín ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ má dá ọjọ́ fún wọn. Hébérù 11:13 sọ pé àwọn kan kú nínú ìgbàgbọ́ láìrí ìlérí náà gbà. Ẹ kà á fún wọn, ẹ má fò ó. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí Àìsáyà 30:18. Ọ̀rọ̀ Hébérù míràn ló wà níbẹ̀, chakah, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì jáde: ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹsẹ, Olúwa ló ń dúró kó lè ṣoore fún wọn, ní ìparí, àwọn ló ń dúró dè é. Èmi ì bá ka ẹsẹ yẹn jẹ́ẹ́, kí n sì sọ̀ kalẹ̀ lórí pẹpẹ.