Òkúta Tó Hó Kì í Ṣe Ẹ̀rí Epo Rọ̀bì

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọ̀yọ́ là ń gbé. Nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ kànga sẹ́yìnkùlé wa, wọ́n kan òkúta funfun kan. Ọkùnrin kan da omi bátìrì sí i, ó sì hó. Ó ní gáàsì ló ń jáde, pé irú òkúta yìí ló máa ń wà nísàlẹ̀ òkun níbi tí epo àti gáàsì bá ti ń jò, torí gáàsì náà ló dì di òkúta. Bàbá wa ti fẹ́ ta màlúù láti fi san owó ìwé àṣẹ fún un. Ṣé òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ bá mi sọ fún Bàbá pé kí wọ́n má tíì ta màlúù o. Irú ìbéèrè yìí ti ń pọ̀ jù lọ́dọ̀ mi níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, inú sì ń bí mi, torí àwọn tó ń lu èèyàn ní jìbìtì yìí máa ń fi òótọ́ díẹ̀ lú mọ́ irọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ ká mú ìhó yẹn ná. Gáàsì jáde lóòótọ́, àmọ́ carbon dioxide ni, èyí tí àwa náà ń mí síta. Kì í jó. Òkúta tó bá ti ní carbonate nínú, ìyẹn èròjà inú òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì, á hó bí ásíìdì bá kàn án. Òkúta Ewékorò á hó. Mábù Ìgbẹ́tì, bí ẹ bá lọ̀ ọ́ kúnná, á hó. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sórí èèpo ẹyin, kí ẹ sún mọ́ ọn dáadáa: ẹ ó rí ìfófòó tín-ín-tìn-tín tó ń yọ lára èèpo náà, tó ń já lọ́kọ̀ọ̀kan. Gáàsì kan náà nìyẹn.

Ní ti ìsàlẹ̀ òkun, gáàsì kì í dì di òkúta. Kòkòrò àìfojúrí ló ń jẹ ẹ́. Methane, ìyẹn gáàsì tó ń jò yẹn, ń gòkè bọ̀ láti inú ẹrẹ̀. Sulfate, tó wà nínú iyọ̀ omi òkun, ń wọlé láti òkè. Ibi tí wọ́n bá ti pàdé nínú ẹrẹ̀, níbi tí ọ́síjìn kò sí, ni irú kòkòrò méjì ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀: archaea ń jẹ methane, bakitéríà ń lo sulfate. Lọ́dún 2000, Antje Boetius, onímọ̀ nípa ohun abẹ̀mí inú òkun, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn, nínú ẹrẹ̀ Hydrate Ridge lójú òkun Oregon ní Amẹ́ríkà, pé ńṣe ni wọ́n ń ṣù pọ̀, archaea láàárín, bakitéríà yí wọn ká. Ohun tó ń tinú iṣẹ́ wọn jáde ni hydrogen sulfide, tó ń rùn burúkú, àti bicarbonate. Bí bicarbonate bá ti pọ̀ tó nínú omi inú ẹrẹ̀, calcium àti magnesium inú omi òkun á bá a dì: ó lè di aragonite, calcite tàbí dolomite, carbonate ni gbogbo wọn. Á lẹ iyanrìn àti ẹrẹ̀ pọ̀, nígbà míì á yí ojú ọ̀nà tí gáàsì ń gbà ká bíi páìpù. Létí erékùṣù Zakynthos ní Gíríìsì, àwọn òmùwẹ̀ rí irú rẹ̀, wọ́n rò pé òpó ìlú àtijọ́ ni, kí àwọn onímọ̀ tó fi hàn lọ́dún 2016 pé iṣẹ́ gáàsì àti kòkòrò ni.

Ilẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ńkọ́? Orí granite àti gneiss la wà, àpáta tí ọjọ́ orí wọn lé ní 500 mílíọ̀nù ọdún, tí ooru ńlá ti sè jinná. Epo rọ̀bì ń fẹ́ ibi tí ẹrẹ̀ ti rọ̀ lé ara wọn nípọnnípọn, bíi Niger Delta. Irú òkúta tí ọkùnrin yẹn ń sọ wà nísàlẹ̀ òkun ibẹ̀ lóòótọ́. Síbẹ̀, ohun tó ń fi hàn ni pé methane jò níbẹ̀. Kò fi hàn pé epo tó ṣeé tà wà lábẹ́ rẹ̀, torí kòkòrò inú ẹrẹ̀ náà lè ṣe methane. Yàrá àyẹ̀wò la ti ń mọ̀ bóyá òkúta kan ti ara methane wá: carbon-13, ìyẹn irú carbon tó wúwo díẹ̀, kéré gan-an nínú methane, òkúta tó bá ti ara rẹ̀ wá á sì jogún rẹ̀. Omi bátìrì kò lè sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni.

Kí wá ni òkúta yín? Mi ò tíì fojú rí i, mi ò lè ti ìhín ṣèdájọ́. Ó lè jẹ́ mábù, ó sì lè jẹ́ carbonate tí omi inú ilẹ̀ dì síbẹ̀. Ẹ gbé ẹyọ kan lọ bá onímọ̀ àpáta tó ní ìwé àṣẹ. Ẹ má fi ìdáhùn mi ṣe ìwé àyẹ̀wò o.

Ti owó ìwé àṣẹ kò gba àròyé. Òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, abala 44(3), ti fi gbogbo epo, gáàsì àti ohun àlùmọ́ọ́nì abẹ́ ilẹ̀ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Ọkùnrin yẹn kò ní àṣẹ kankan tó lè tà fún Bàbá.

Ohun tó ká mi lára jù ni omi bátìrì yẹn. Ásíìdì ni, ti inú bátìrì tó ti gbó sì máa ń ní òjé nínú. Bó bá jẹ́ etí kànga ló ti dà á, ẹ má fi omi ibẹ̀ mu, ẹ má fi dáná, títí wọ́n á fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kan òkúta náà.