Ṣé ọkàn nìkan ni àwọn Kristẹni gbà pé yóò jíǹde, àbí ara pẹ̀lú? Kí ló sì kàn ìgbé ayé wa?

Ara pẹ̀lú ni. Àjíǹde ara wà nínú Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ tí Áńgílíkà, Mẹ́tọ́díìsì àti Kátólíìkì jọ ń kà.

Ní nǹkan bí ọdún 55, Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí àwọn ará Kọ́ríńtì, torí pé àwọn kan láàárín wọn ń sọ pé òkú kì í jíǹde. Ó ní bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, Kristi náà kò jíǹde nìyẹn, asán sì ni ìgbàgbọ́ wọn. Ó fi irúgbìn ṣàlàyé bí ara tó jíǹde yóò ṣe rí: a gbin hóró, ohun tó hù sì yàtọ̀ sí hóró náà (1 Kọ́ríńtì 15).

Ẹsẹ 58 ni mo fẹ́ràn jù nínú orí náà. Lẹ́yìn gbogbo àlàyé yẹn, iṣẹ́ ló kàn: kí wọ́n dúró ṣinṣin, torí làálàá wọn nínú Olúwa kì í ṣe asán. Ẹ wo orí 6 náà. Níbẹ̀, torí pé Ọlọ́run yóò jí wa dìde, Pọ́ọ̀lù ní ti Olúwa ni ara, kí a sá fún àgbèrè.