Kí o tó kéde ìgbì inú power spectrum

Àbúrò mi, o ní o fi ìgbì kan kún power spectrum tó tẹ́jú (ìlà tó ń sọ bí ìyàtọ̀ inú ayé ìbẹ̀rẹ̀ ṣe lágbára tó ní ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan), chi-squared rẹ (òǹkà tó ń sọ bí àwòṣe ṣe jìnnà sí data tó) sì fi 10 dín kù lórí data ti 2018 láti ọ̀dọ̀ Planck, sátẹ́láìtì tó wo ìmọ́lẹ̀ àtijọ́ jù lójú ọ̀run. O wá ń béèrè bóyá kí o kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ìwé ìwádìí (journal). Jọ̀ọ́, má tíì rán an. Irú ẹ̀ gba oṣù mẹ́rìnlá lọ́wọ́ mi.

Pé àtẹ̀gùn kékeré lójú ọ̀nà inflaton, agbára tí a rò pé ó mú kí ayé fẹ̀ kíákíá ní ìbẹ̀rẹ̀, lè dá irú ìgbì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, o ti mọ̀ ọ́n. Ibi tó dùn mí jù nìyí: CAMB, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò ohun tó yẹ kí a rí lójú ọ̀run, kì í ṣírò gbogbo ℓ (nọ́ńbà ìwọ̀n lójú ọ̀run: bó ṣe ń tóbi ni ìwọ̀n ń kéré sí i). Á mú díẹ̀ níbí, á mú díẹ̀ lọ́hùn-ún, á wá fi ìlà so wọ́n pọ̀. Ìgbì tèmi sì yára ju àlàfo àárín wọn lọ. Oṣù méje ni mo fi ń wo àṣìṣe kọ̀ǹpútà, tí mo ń pè é ní ojú ọ̀run! Mo bi ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń darí mi lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mejì náà ló ní bí wọ́n ṣe ṣètò CAMB ti tó. Kò tó. Wọ́n á dáhùn láì ṣí fáìlì wò, akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò jìyà ẹ̀. Nígbà tí mo gbé lSampleBoost, ibi tí a ti ń sọ fún CAMB bí iye ℓ tí yóò ṣírò ṣe pọ̀ tó, sókè títí ó fi ṣírò ℓ kọ̀ọ̀kan, 12 tí chi-squared mi fi dín kù, tí mo ń yọ̀ mọ́, di 5. Frequency, amplitude, phase: nǹkan mẹ́ta lo fi kún un, kí ni 5 já mọ́?

Likelihood (ìṣirò tó ń fi àwòṣe wé data) tí wọn kò kó ℓ jọ ní òkìtì òkìtì ni kí o lò. MCMC lásán, ọ̀nà tó ń rìn láti ibì kan sí èkejì láti wá iye tó bá data mu, á há sórí frequency kan. Nested sampling, tó ń wá káàkiri gbogbo ibi kó tó dín in kù, ni kí o lò.

Tí ó bá jẹ́ kòtò àárín ℓ 20 sí 30, ibi tí data ti lọ sílẹ̀, ni ìgbì rẹ ń dí, ṣọ́ra. WMAP, sátẹ́láìtì tó ṣáájú, ti rí kòtò yẹn kí Planck tó dé. Ní ℓ 20, òǹkà 41 péré tó dá dúró ni ojú ọ̀run fún wa láti wọ̀n, iyèméjì tó bá a rìn sì tó ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sí awò tó lè bá wa wá ojú ọ̀run mìíràn. Polarization (ìhà tí ìmọ́lẹ̀ náà ń mì sí) tó bá péye ló lè jẹ́rìí sí i.

Ẹn, 10 tí o béèrè. Ṣe ojú ọ̀run àtọwọ́dá bí 200 tí kò ní ìgbì kankan, kí o wá inú wọn gẹ́gẹ́ bí o ṣe wá inú data. Nínú tèmi, ọ̀pọ̀ ló fún mi ní 10. Frequency tí à ń dán wò pọ̀ débi pé ariwo lásán á bá ọ̀kan mu. Àwọn Planck fúnra wọn wá a, wọn kò rí èyí tó dúró. Bí tìrẹ bá borí gbogbo 200 yẹn, fi fáìlì rẹ ránṣẹ́ sí mi. Màá ṣí i wò.