Níbo ni tọkọtaya tó fẹ́ràn kink ti lè rí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní London?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Nọ́ọ̀sì ni mí, Táńkẹ̀ la ń gbé ní Ìlọrin, ọmọ Ọ̀ffà sì ni ọkọ mi. A fẹ́ràn kí á máa fi okùn ṣeré nínú yàrá wa, kí òun máa pàṣẹ, kí èmi máa tẹ̀lé e, irú eré ìbálòpọ̀ tí àwọn òyìnbó ń pè ní kink. Ó ti pẹ́ tí a ti ń ṣe é, kò sì sí ẹni tí a lè bá sọ ọ́. Mo ti ríṣẹ́ sí London, gbogbo wa la jọ ń lọ. Mo gbọ́ pé àwọn kíláàbù àti ìpàdé wà níbẹ̀ fún irú wa. Báwo la ṣe ń rí wọn? Ṣé mo lè wọ híjáàbù mi lọ? Ojú ń ti ọkọ mi. Ṣé mo lè kọ́kọ́ dá lọ? Ẹnì kan tún kọ̀wé sí mi lórí Telegram pé àwọn ní irú ẹgbẹ́ yìí ní GRA Ìlọrin níbí, kí n san ₦25,000 kí n sì fi fọ́tò ojú mi ránṣẹ́. Ṣé kí n san án?
Èmi ni Ìyá Ìbejì

Ìdáhùn

Ìyá Ìbejì, ẹ má san kọ́bọ̀, ẹ má sì fi fọ́tò kankan ránṣẹ́. Ìbéèrè yín tó gbẹ̀yìn ni mo fi ṣáájú, torí òun ló lè da ìrìn àjò yín rú kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfúrufú.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Owó ìforúkọsílẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbà. Ó di fọ́tò ojú. Lẹ́yìn náà, wọ́n á ní kí ẹ fi ti ìhòòhò kún un kí àwọn lè mọ̀ pé ẹ kì í ṣe ọlọ́pàá. Tí ìyẹn bá ti dọ́wọ́ wọn, wọ́n á wá Facebook yín rí, wọ́n á mọ ọsibítù tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ àti àwọn ẹbí ọkọ yín, wọ́n á wá dá iye owó tó wù wọ́n lé yín. Kító ni àwọn ọ̀dọ́ ń pè é. Bẹ́ẹ̀ Ìlọrin kò tóbi tó kí irú ọ̀rọ̀ yìí sọnù sínú rẹ̀: ẹni tó mọ̀ yín ní Táńkẹ̀ mọ ẹnì kan ní Òkè-Odò, ẹni yẹn sì mọ ìmáàmù yín. Tó bá ti ń halẹ̀ mọ́ yín báyìí, ẹ má sanwó, nítorí ẹni tó bá san lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n ń padà wá bá. Ẹ ya àwòrán ọ̀rọ̀ yẹn lójú fóònù, kí nọ́ḿbà rẹ̀, orúkọ tó ń jẹ́ lórí Telegram àti nọ́ḿbà àkáǹtì tó ní kí ẹ sanwó sí hàn dáadáa, kí ẹ tó blọ́ọ̀kì rẹ̀. Cybercrimes Act ti 2015 ka irú ìhalẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀, ọlọ́pàá sì ní ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, NPF-NCCC.

Kódà bí ẹni yẹn bá jẹ́ olóòótọ́, mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ lọ. Òfin ọdún 2014 tó ka ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin léèwọ̀ ní ẹ̀wọ̀n ọdún 10 nínú fún ẹni tó bá dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ wọn. Ọlọ́pàá tó já wọ yàrá òtẹ́ẹ̀lì, tó rí okùn, awọ àti èrò, kò ní béèrè ìwé ìgbéyàwó yín kí ó tó kó yín sínú ọkọ̀. Ní oṣù Kẹjọ 2023, ní Ekpan lẹ́bàá Wárí, wọ́n kó ènìyàn tó lé ní 60 níbi àpèjẹ kan, wọ́n ní ìgbéyàwó ọkùnrin méjì ni wọ́n ń ṣe. Ohun tí tọkọtaya ń fi okùn ṣe nínú yàrá ara wọn kò sí nínú òfin 2014 yẹn. Ẹ fi mọ síbẹ̀ títí ẹ ó fi gúnlẹ̀.

Ó wá ku ti London. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti kíláàbù. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àlejò ti ń ṣìnà: wọ́n á ra tíkẹ́ẹ̀tì olówó gọbọi, wọ́n á ra aṣọ awọ, wọ́n á wọ inú òkùnkùn láàárín èrò tí wọn ò mọ ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn, wọ́n á padà sílé pẹ̀lú ìtìjú. Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ wá ni èyí tí wọ́n ń pè ní munch. Ìjókòó lásán ni, ní ilé kọfí tàbí ní yàrá òkè ilé ọtí, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ iṣẹ́. Aṣọ tí ẹ máa wọ̀ lọ sọ́jà ni ẹ ó wọ̀. Kò sí okùn, kò sí pàṣán, ẹnikẹ́ni kì í bọ́ra. Ní Palo Alto ní California ni irú ìpàdé yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bíi 1992, nígbà tí àwọn tó ti mọra lórí íntánẹ́ẹ̀tì fẹ́ rí ara wọn lójúkojú, ó sì ti tàn dé ọ̀pọ̀ ìlú ńlá.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ọn ni pé ẹni tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n ń gbà wọlé láwùjọ yìí. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ lọ sí àpèjẹ inú ilé, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ta ló mọ̀ yín, níbo ni wọ́n ti ń rí yín. Àwọn tó ń pe munch sì ni wọ́n máa ń mọ ọkùnrin tí obìnrin mẹ́ta ti fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ìmọ̀ yẹn kò sí lórí tíkẹ́ẹ̀tì.

FetLife, ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì kan fún irú àwọn ènìyàn yìí, ni ibi tí ọ̀pọ̀ jù nínú wọn ń gbé ìkéde sí. Canada ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 2008, ọ̀fẹ́ ni láti wọlé, Google kì í sì í gbé ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde. Ẹ ṣí ímeèlì tuntun tí orúkọ yín ò sí nínú rẹ̀. Ẹ má lo Ìyá Ìbejì, ẹ má sì lo orúkọ àwọn ọmọ. Ẹ má fi ojú hàn nínú fọ́tò. Tí ẹ bá ní ilà, ẹ̀yìn orí ló tó. Ẹ tún wo ẹ̀yìn fọ́tò náà: kọ́tìnì tàbí àga tí àwọn ènìyàn ti rí lórí WhatsApp yín máa ń tú àṣírí. Ẹ má kọ Ìlọrin síbi tó ní kí ẹ kọ ìlú. Láti oṣù Keje 2025, òfin UK ti ní kí ojúlé tó bá ní àwòrán ìbálòpọ̀ yẹ ọjọ́ orí ènìyàn wò, nítorí náà ó lè béèrè káàdì tàbí kí ó ní kí ẹ gbé ojú sí kámẹ́rà. Inú ojúlé náà fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ti ṣe é. Ẹni tó bá fi líǹkì ránṣẹ́ sí yín pé kí ẹ wá ṣe é níbòmíràn, olè ni.

Lábẹ́ Events, ẹ yan London, kí ẹ wá munch. Púpọ̀ ló máa jáde, nítorí náà ẹ wo iye ìgbà tí ẹni yẹn ti pe ìpàdé rí. Èyí tó ti ń wáyé lóṣooṣù fún ọdún mélòó kan, tí òfin rẹ̀ wà ní kíkọ, tí àwọn tó lọ sì ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ lẹ́yìn náà, lẹ lè fọkàn tán ju èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lánàá. Ẹ kọ ìlà mẹ́ta sí ẹni tó ń pè é: tọkọtaya ni yín, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé London, báwo lẹ ó ṣe mọ tábìlì wọn? Ẹ má to àwọn ohun tí ẹ ń ṣe ní yàrá sínú rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé èsì rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá sílé òun, ẹ kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Híjáàbù kò ní dí yín lọ́wọ́. Omi ọsàn ni kí ẹ rà tí ẹ kì í bá mu ọtí, kò sẹ́ni tó máa fipá mú yín. Bí ilé ọtí gan-an ni kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ wá èyí tó ń wáyé ní ilé kọfí. Ẹ dé láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, kí wọ́n tó pín sí méjì méjì, mẹ́ta mẹ́ta. Orúkọ tí ẹnì kan bá fún yín ni kí ẹ pè é, ẹ má wádìí iṣẹ́ rẹ̀ tàbí àdúgbò rẹ̀. Ọmọ ibo ni yín, tó jẹ́ ìkíni lọ́dọ̀ wa, ẹ fi í sílé lọ́jọ́ yẹn. Tí ẹ bá sì bá ọmọ Yorùbá pàdé níbẹ̀, bóyá ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ pàápàá, ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ kí yín. Ẹ má sì dárúkọ ibẹ̀ fún un lẹ́nu iṣẹ́ láé. Ó lè jẹ́ pé ìpàdé àkọ́kọ́ á tutù bí omi àná. Ẹ gbìyànjú mẹ́ta tó yàtọ̀ síra kí ẹ tó dájọ́, torí èrò ọ̀kan kì í ṣe èrò èkejì.

Ohun tó kàn lẹ́yìn munch ni kíláàsì okùn, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin méjèèjì lọ. Ẹni tó bá dá kọ́ ara rẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń gbé okùn gba ẹ̀gbẹ́ ìta apá òkè, láàárín èjìká àti ìgúnpá. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì mọ ohun tó wà níbẹ̀: iṣan radial (nerve ni, kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀) ń yí egungun apá ká, awọ àti ẹran díẹ̀ ló bò ó. Bí okùn bá tẹ̀ ẹ́, pàápàá tí ara bá fi ìwúwo lé e, ọwọ́ lè rọ fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù. Ní ìṣẹ́jú mélòó kan síra, kí ọkọ yín ní kí ẹ gbé ọrùn ọwọ́ sókè sẹ́yìn, kí ẹ sì na àtàǹpàkò. Tí kò bá lágbára mọ́, kí ó tú okùn lójú ẹsẹ̀, kí ó má dúró de ìrora. Ẹ̀jẹ̀ tí kò lọ dáadáa máa ń mú gbogbo ọwọ́ ṣe wìn-ìn-wìn-ìn, àwọ̀ rẹ̀ á sì yí padà díẹ̀díẹ̀; ti iṣan yìí ń yára dé, ojú kan ló sì ń mú. Sísọ́ọ̀sì tí ṣóńṣó orí rẹ̀ kò mú, irú èyí tí ẹ fi ń gé báńdéèjì, kí ó wà ní ìtòsí nígbà gbogbo. Okùn jute tó nípọn tó mílímítà 6, tó gùn tó mítà 8, ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò. Okùn ọ̀rá tí wọ́n ń tà ní Ìpàtà, ẹ fi í sílẹ̀ fún ewúrẹ́: ó ń sun awọ ara, kókó rẹ̀ kì í sì í tú tó bá ti fún. Ọrùn kò sí nínú eré yìí rárá.

Kíláàbù wá lè tẹ̀lé e. Torture Garden ti wà ní London láti 1990, aṣọ ni wọ́n ń wò lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á dá ẹni tó bá wọ jíǹsì padà. Àwọn mìíràn á ní kí ẹ kọ́kọ́ kọ fọ́ọ̀mù, kí ẹ dúró de ìdáhùn. Ojúlé tiwọn fúnra wọn ni kí ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Wọn kò lo káàdì ìgbélùú tí wọ́n ń pè ní BRP mọ́, ojú íntánẹ́ẹ̀tì ni físà yín wà, nítorí náà káàdì ìdánimọ̀ tó ní àmì PASS, èyí tó ń fi ọjọ́ orí hàn, tàbí láísẹ́ǹsì ọkọ̀ ló dára láti mú dání. Ẹ má gbé páàsìpọ́ọ̀tù lọ síbi tí ẹ ó ti bọ́ kóòtù. Ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, wọ́n á lẹ sítíkà bo kámẹ́rà fóònù yín, tàbí kí ẹ fi fóònù sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ibi tí wọn ò bá ti ka fóònù sí, ẹ padà. Ẹ béèrè àwọn alámòójútó àti ọ̀rọ̀ ìdúró tí ilé náà ń lò, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń sọ kí eré dúró lójú ẹsẹ̀, “red” ni lọ́pọ̀ ibi. Ẹ wo eré láti ọ̀nà jíjìn, ẹ má bá ẹni tó wà láàárín rẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹ má fọwọ́ kan irinṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Lálẹ́ àkọ́kọ́, ẹ wòran nìkan. Night Tube, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ti òru, ń ṣiṣẹ́ ní alẹ́ Jímọ̀ àti alẹ́ Sátidé lórí Victoria, Jubilee, Central, Northern àti Piccadilly, nítorí náà kò sídìí tí ẹ ó fi gùn mọ́tò àjèjì wálé.

Òfin wọn náà ní ààlà. Ní 1993, nínú ẹjọ́ R v Brown, ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ sọ pé ìyọ̀ǹda kì í ṣe àwíjàre fún ìpalára tó kọjá ohun kékeré. Domestic Abuse Act 2021, abala 71, sì fi ti ìpalára ńlá sínú ìwé òfin. Àpá okùn tó ń lọ láàárọ̀ kò jọ ọgbẹ́. Lẹ́nu iṣẹ́ yín, ìwé ìlànà NMC, àjọ tó ń bójú tó àwọn nọ́ọ̀sì ní UK, ní kí nọ́ọ̀sì pa orúkọ rere iṣẹ́ náà mọ́ nígbà gbogbo. Ohun tí ẹ fẹ́ràn kì í ṣe ẹ̀sùn, ṣùgbọ́n fọ́tò tí yúnífọ́ọ̀mù tàbí báàjì bá wà nínú rẹ̀ lè di ẹ̀sùn.

Ọ̀rọ̀ kan tó ń dùn mí ni ti àwọ̀ ara. Àwọn kan á wá bá yín nítorí pé ẹ jẹ́ dúdú, wọ́n á fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ẹrú àti ọ̀gá ṣeré láìbéèrè. Ẹ kò jẹ wọ́n ní sùúrù, ẹ kò jẹ wọ́n ní àlàyé. Ẹ dìde, kí ẹ sọ fún ẹni tó pe ìpàdé. Àwọn ìpàdé kan wà tó jẹ́ ti àwọn aláwọ̀ dúdú, ó yẹ kí ẹ wá wọn rí kíákíá. Bákan náà ni ẹni tó bá sọ pé ẹni tó ń tẹ̀lé àṣẹ lóòótọ́ kì í ní ọ̀rọ̀ ìdúró: ewu ni ẹni bẹ́ẹ̀.

Ní ti ọkọ yín, ẹ lè kọ́kọ́ dá lọ, ọ̀pọ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa bi yín. Àmọ́ kí ó mọ̀, kí ó mọ orúkọ ibẹ̀ àti aago tí ẹ ó padà. Kí ẹ tó jáde, ẹ fẹnu kò sí nǹkan mẹ́ta: ohun tí ẹ lè sọ nípa rẹ̀ fún àjèjì, bóyá ẹ lè gba nọ́ḿbà ẹnikẹ́ni, àti bóyá kíláàsì okùn máa dúró dìgbà tí òun náà bá ṣe tán. Ọ̀pọ̀ ọkọ tó ń tijú ló máa ń tẹ̀lé ìyàwó wọn nígbà kejì, tí wọ́n bá ti gbọ́ pé jíjókòó mu omi ọsàn ni.