Eruku dúdú lẹ́nu dọ́ọ̀tì AC ilé iṣẹ́: ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n fín oògùn sí i

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ilé alájà mẹ́rin lẹ ń bójú tó n'Íkẹjà, orí òrùlé ni AC rẹ̀ ti ń fẹ́ wá sí gbogbo ọ́fíìsì nínú dọ́ọ̀tì, ìyẹn ihò páànù tó ń gbé afẹ́fẹ́ gba òkè àjà. Eruku dúdú ti yí ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde ká, tí wọ́n bá sì tàn án láàárọ̀, ó ń rùn bí ìbọ̀sẹ̀ tí kò gbẹ. Kọngílá kan wá ní òun á fín oògùn sínú dọ́ọ̀tì, òun á fi fákúùmù fa ẹnu rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, Sátidé kan péré ti tó. Ẹ béèrè bóyá kí ẹ gbà. Ẹ má gbà. Ohun tó fẹ́ ṣe yẹn kì í ṣe fífọ̀. Lọ́fínńdà ló fẹ́ fín sí ẹni tí kò wẹ̀ lára.

Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ ṣe kò ju tọ́ọ̀ṣì àti tíṣù funfun lọ. Ẹ gun àkàbà, ẹ tú difúsà kan, ìyẹn irin tó bo ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde, ẹ yọjú wo ọrùn rẹ̀, ibi tó ti so mọ́ dọ́ọ̀tì. Tí inú ọrùn bá mọ́, tó jẹ́ pé etí òde àti àjà tó yí i ká nìkan ló dúdú, ẹ̀ṣẹ̀ dọ́ọ̀tì kọ́. Afẹ́fẹ́ tútù tó ń tú jáde tipátipá máa ń fa afẹ́fẹ́ inú yàrá mọ́ra, eruku kápẹ́ẹ̀tì àti ti bébà á sì lẹ̀ mọ́ etí irin tó tutù. Aṣọ àti omi ọṣẹ ló ń yanjú ìyẹn, kò nílò kọngílá. Àmọ́ tí inú ọrùn náà bá dọ̀tí, ẹ fi tíṣù nù ún. Eruku gbígbẹ tó pọ́n bíi ti ọyẹ́, fílítà ni kò ṣiṣẹ́ rẹ̀, tàbí afẹ́fẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ fílítà kọjá. Èyí tó bá dúdú, tó ń yọ̀, tó ń fà lójú tíṣù bíi tìróò, èéfín jẹnẹrétọ̀ ni. Èyí tó bá sì ṣe róbótó kéékèèké, dúdú tàbí àwọ̀ ewé, bí ara búrẹ́dì tó ti bu, omi wà níbi tí kò yẹ kó wà.

Tó bá jẹ́ ti jẹnẹrétọ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ìdọ̀tí nìkan. Carbon monoxide wà nínú èéfín náà, kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì ń pààyàn. Ẹ wá ibi tí ẹ̀rọ ti ń fa afẹ́fẹ́ òde wọlé, kí ẹ wo bí sàlẹ́ńsà jẹnẹrétọ̀ ṣe jìnnà sí i àti ibi tí atẹ́gùn ń darí èéfín sí. Ẹ gbé ọ̀kan kúrò fún èkejì kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan sórí fífọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, oṣù mẹ́ta ò ní pé tó fi máa padà dúdú.

Ti òórùn àárọ̀ yẹn, inú AHU ni kí ẹ lọ, ìyẹn ẹ̀rọ tó dà bíi kọ́bọ́ọ̀dù ńlá lórí òrùlé, tí fáànù àti kọ́ìlì (àwọn páìpù tó ń mú afẹ́fẹ́ tutù) wà nínú rẹ̀. Kọngílá tó bá ń díye lé mítà dọ́ọ̀tì láì ṣí AHU wò, ẹ jẹ́ kó máa lọ. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Gbogbo afẹ́fẹ́ tó ń dé ọ̀dọ̀ yín ló ń gba àárín kọ́ìlì yẹn kọjá, kọ́ìlì sì máa ń làágùn láti àárọ̀ dalẹ́. Eruku tó bá bọ́ lọ́wọ́ fílítà á di ẹrẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n á pa ẹ̀rọ nírọ̀lẹ́, ẹrẹ̀ náà á máa bu mọ́jú, fáànù á wá gbé òórùn rẹ̀ káàkiri ilé nígbà tí wọ́n bá tàn án.

Kí ẹnì kan tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀yìn kọ́ìlì, kí ẹnì kejì dúró níwájú. Tí ìmọ́lẹ̀ ò bá yọ láàárín àwọn ewé álúmínì tó tò bí ojú ìwé yẹn, ó ti dí. Ẹ kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti fákúùmù kó eruku gbígbẹ kúrò lójú tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, torí omi tó bá kàn án ní gbígbẹ á sọ ọ́ di amọ̀. Lẹ́yìn náà ni ọṣẹ kọ́ìlì tó ń hó, èyí tí kò ní ásíìdì: ẹ pò ó bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára kẹ́ẹ̀gì, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 10 sí 15, ẹ má jẹ́ kó gbẹ mọ́ ọn lára. Kí omi tí ẹ fi ń ṣàn án gba ẹ̀yìn wá síwájú, òdìkejì ọ̀nà afẹ́fẹ́, kí ìdọ̀tí lè gba ibi tó gbà wọlé jáde. Ọ́ọ̀sì lásán ti tó. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ mọ́tò á tẹ ewé yẹn pa, afẹ́fẹ́ ò sì ní ráàyè kọjá mọ́. Kóòmù kọ́ìlì ni wọ́n fi ń yà á padà, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹ ò sì ní fẹ́ san owó iṣẹ́ yẹn.

Lábẹ́ kọ́ìlì ni àwo tó ń gba omi wà, omi ò sì gbọ́dọ̀ dúró nínú rẹ̀. Tó bá dúró, ẹ má kàn sọ pé páìpù ló dí. Nínú AHU tí fáànù wà lẹ́yìn kọ́ìlì, ìfà fáànù ló ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ òde fẹ́ gba ẹnu páìpù omi wọlé, ìyẹn ló ń dá omi dúró. Torí ẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ páìpù náà bíi U, kí omi inú U lè dí afẹ́fẹ́ lọ́nà. Àwọn púlọ́ḿbà máa ń fi U ti ìdí síńkì sí i láì wo ìfà fáànù rárá. Ìṣirò rẹ̀ ò le: Pa (pascal) ni wọ́n fi ń wọn ìfà, 100 Pa sì tó omi 10 mm. Tí fáànù bá ń fa 500 Pa, 50 mm nìyẹn, ẹ fi 25 mm lé e. Ibi tí omi ti ń jáde kúrò nínú U gbọ́dọ̀ fi 75 mm rẹlẹ̀ ju ẹnu àwo lọ, kí omi tó ń dúró nínú U sì jìn tó 38 mm ó kéré tán. Ọ̀pọ̀ òórùn tí wọ́n ń tìtorí ẹ̀ fín oògùn sí dọ́ọ̀tì, ibi U yìí ló parí sí.

Ó wá kan dọ́ọ̀tì fúnra rẹ̀. Nǹkan méjì ló gbọ́dọ̀ máa ṣẹlẹ̀ pọ̀: kí ohun kan máa ru eruku sókè, kí ohun kan sì máa fà á lọ. Búrọ́ọ̀ṣì láìsí ìfà, ẹ kàn ń kó eruku láti ọ́fíìsì kan lọ sí òmíràn ni. Ìfà láìsí búrọ́ọ̀ṣì, ibi tí ẹnu fákúùmù dé nìkan ló mọ́. Orí èyí náà ni NADCA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fọ dọ́ọ̀tì ní Amẹ́ríkà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1989, gbé ìlànà wọn kà. Ẹ̀rọ ìfà náà gbọ́dọ̀ ní fílítà HEPA, èyí tó ń mú 99.97% eruku tó tó 0.3 micron (micron kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà), pàápàá tó bá jẹ́ inú ilé ló ti ń tú afẹ́fẹ́ jáde.

Ẹ bi kọngílá bí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe lágbára tó, kí ẹ sì ṣe ìṣirò lójú rẹ̀. Dọ́ọ̀tì 600 mm ní 400 mm jẹ́ 0.24 mítà onígun mẹ́rin. Tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ yóò bá máa sáré mítà 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, mi ò sì ní fẹ́ kó dín, ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ máa fa 4,320 mítà kúbíìkì ní wákàtí kan. Iye tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ jẹ́ ti ìgbà tí kò sí nǹkan kan lẹ́nu rẹ̀. Fílítà tó ti ń kún á bù lára rẹ̀. Fákúùmù kápẹ́ẹ̀tì ò lè dé ibẹ̀ láéláé.

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ pa iná AHU, ẹ ti ibi tí wọ́n ti ń tàn án ní kọ́kọ́rọ́, kí kọ́kọ́rọ́ wà lápò ẹni tó máa wọnú ẹ̀rọ. Ẹ fi ọ̀rá bo tábìlì àti kọ̀ǹpútà. Kí wọ́n fi máákà fàlà sára gbogbo dáńpà, ìyẹn páànù inú dọ́ọ̀tì tó ń dín afẹ́fẹ́ kù, níbi tí apá rẹ̀ wà kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Tí wọ́n bá fo èyí, lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá á máa gbọ̀n, àwọn tó wà ní kọ̀rọ̀ á máa fi fáìlì fẹ́ ara wọn.

Dọ́ọ̀tì tó ń dá afẹ́fẹ́ padà ni kí wọ́n kọ́kọ́ fọ̀, lẹ́yìn rẹ̀ AHU, lẹ́yìn rẹ̀ dọ́ọ̀tì tó ń fẹ́ jáde. Kí wọ́n pín in sí ìpín tí kò ju mítà 8 sí 10 lọ, kí wọ́n fi ọ̀rá àti téèpù dí àwọn ẹnu tó kù. Ihò àyẹ̀wò, èyí tí wọ́n ń gé sára dọ́ọ̀tì láti dé inú rẹ̀, gbọ́dọ̀ wà ní ìwájú àti ẹ̀yìn gbogbo dáńpà àti gbogbo ìgun, àti ní mítà 3 sí 4 síra lórí ọ̀nà tó tọ́; 300 mm ní 300 mm dára fún ọwọ́ àti orí. Ibi tó jìnnà jù sí ẹ̀rọ ìfà ni búrọ́ọ̀ṣì ti ń bẹ̀rẹ̀, kó máa bọ̀ wá sọ́dọ̀ ẹ̀rọ. Ẹ so ọ̀já ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ẹnu tó jìnnà jù yẹn: kó máa yí wọ inú. Tó bá ń rọ̀ wálẹ̀ jẹ́ẹ́, ìfà ò débẹ̀, kí wọ́n gbé ẹ̀rọ súnmọ́ ọn. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n dí gbogbo ẹnu pátápátá nígbà tí ẹ̀rọ ń fà. Páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ á wọlé bí agolo tí wọ́n tẹ̀.

Búrọ́ọ̀ṣì náílọ́ọ̀nù ni, kì í ṣe ti wáyà, torí wáyà á họ síńkì (zinc) tí wọ́n fi bo ara páànù, ìpẹtà á sì bẹ̀rẹ̀. Dọ́ọ̀tì rírọ̀ tó dà bí ọ̀nà ọ̀fun, mítà kan tàbí méjì tó gbẹ̀yìn kó tó kan difúsà, ẹ má fi owó fọ ọ́ ṣòfò: búrọ́ọ̀ṣì á ya á, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi òwú fáíbà tẹ́ inú rẹ̀, ìfà àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ nìkan. Tí òwú bá ti mu omi tó sì ti bu, kò sí ọṣẹ tó máa mú un mọ́, yíyọ ni. Ìdọ̀tí olóròóró ti jẹnẹrétọ̀ ò gbọ́ ti búrọ́ọ̀ṣì, á kàn máa pa á kiri ni. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń nu ìyẹn, pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n fún gbẹ nínú ọṣẹ tó ń gé epo, ihò àyẹ̀wò á sì pọ̀ sí i, owó náà á sì lé. Ilé tí wọ́n ti kọ́ tipẹ́ ń kọ́? Ẹ yẹ ohun tí wọ́n fi wé dọ́ọ̀tì wò fún asbestos (òwú òkúta tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́) kí ẹnikẹ́ni tó fi ọ̀bẹ kàn án.

Pípadé ihò ni àwọn kọngílá ti ń bà á jẹ́ jù. Páànù tó nípọn bíi ti dọ́ọ̀tì, rọ́bà lábẹ́ rẹ̀, síkúrù yí i ká. Téèpù aṣọ á tú. Kí wọ́n wá dá fómù tàbí òwú tí wọ́n gé kúrò lára dọ́ọ̀tì padà, kí wọ́n sì fi téèpù fàdákà lẹ etí rẹ̀ pinpin. Afẹ́fẹ́ inú dọ́ọ̀tì tutù tó bíi 13°C, afẹ́fẹ́ òkè àjà ní Èkó kún fún ọ̀rinrin; àyè tó tó àtàńpàkò péré, omi á bẹ̀rẹ̀ sí kán, àmì bíi ti tíì á yọ lára àjà, wọ́n á sì ní òrùlé ló ń jò.

Kí wọ́n ka gbogbo dáńpà iná, ìyẹn èyí tó ń padé fúnra rẹ̀ kí iná má bàa gba dọ́ọ̀tì tàn, kí wọ́n sì fi fọ́tò hàn yín pé ó ṣí. Irin kékeré kan tó ń yọ́ ní nǹkan bí 72°C ló gbé e dúró. Tí búrọ́ọ̀ṣì bá gbá a, dáńpà á já bọ́, ọ́fíìsì mẹ́ta ò sì ní rí afẹ́fẹ́. Àwọn kan máa ń fi wáyà so ó padà. Ẹ má gbà á, torí ọjọ́ tí iná bá ṣẹ́ yọ, kò ní pa dé.

Oògùn? Lẹ́yìn tí ó bá ti mọ́ tó sì gbẹ nìkan, tí nǹkan bá ti bu níbẹ̀ rí. Lórí ìdọ̀tí, kò ṣe nǹkan kan. Bleach nínú dọ́ọ̀tì ń jẹ síńkì, ó ń jẹ kọ́ìlì, àwọn òṣìṣẹ́ ló sì máa fà á símú. Tí kántíìnì bá sì wà nílé yẹn, dọ́ọ̀tì èéfín ìdáná rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọ̀tọ̀, ewu iná ni. Ìlànà TR19 Grease ti Britain ní kí wọ́n fọ ọ́ tí ọ̀rá oúnjẹ tó lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ bá nípọn tó 200 micron ní ìpíndọ́gba. Bébà méjì tí ẹ lẹ̀ pọ̀ nìyẹn.

Ẹ má san owó tó kù títí ẹ̀yin fúnra yín á fi mú ihò méjì tó wù yín, kí wọ́n ṣí i lójú yín. Fọ́tò tó dára jù ni wọ́n máa ń kó wá. Tí ilé yín bá ní owó ìdánwò, NADCA ní ti ìwọ̀n: eruku tó kù ò gbọ́dọ̀ ju 0.75 mg lọ lórí 100 cm². Fún alájà mẹ́rin, àjà kan fún òpin ọ̀sẹ̀ kan ni kí ẹ fọkàn sí.

Ẹ fi fílítà àtijọ́ kan tàbí olówó pọ́ọ́kú sí i tan ẹ̀rọ fún wákàtí díẹ̀, torí eruku tó bọ́ lọ́wọ́ wọn á jáde. Lẹ́yìn náà ni ẹ óò fi tuntun sí i, G4 (tó ń mú eruku ńlá) níwájú, F7 (tó ń mú èyí tó kéré) lẹ́yìn rẹ̀, kí rọ́bà dí etí férémù. Àlàfo 5 mm lẹ́gbẹ̀ẹ́ fílítà, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ á gbà. Ẹ fi gééjì ìfà kan sí i: tí F7 bá dé 250 Pa, ó ti tó pààrọ̀. Nígbà ọyẹ́, G4 fẹ́ kí ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kí ẹ sì tó tan fáànù lọ́jọ́ náà, ẹ da omi kún U abẹ́ àwo yẹn, torí ó ti gbẹ láti ìgbà tí ẹ ti pa á.