Ìwúwo Nìkan Kọ́ Ló Ń Pinnu Àwọn Aládùúgbò Hélò

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Mo gbọ́ pé inú hélò, ìyẹn òkìtì ńlá dark matter, ohun tí ojú kò rí ṣùgbọ́n tí òòfà rẹ̀ ń fi hàn pé ó wà, ni ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan wà, àti pé àwọn hélò tó wúwo máa ń súnmọ́ra ju àwọn kékeré lọ. Ṣé ìwúwo nìkan ló fà á?

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni ẹ gbọ́ nípa ìwúwo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tán síbẹ̀. Nick Kaiser, onímọ̀ nípa àgbáálá ayé, ló ṣàlàyé rẹ̀ ní 1984 pé ibi tó ki jù lọ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ àgbáálá ayé ni irú àwọn ohun ńlá bẹ́ẹ̀ ti ń jáde, irú ibi bẹ́ẹ̀ kì í sì í dá wà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn onímọ̀ fi ń ṣírò bí ẹni pé ẹni tó bá ti mọ ìwúwo hélò ti mọ gbogbo rẹ̀.

Ní 2005, Liang Gao, Volker Springel àti Simon White yẹ Millennium Simulation wò, ìyẹn ìṣirò orí kọ̀ǹpútà ńlá kan ní Garching, ní Jámánì, tó lo èérún bílíọ̀nù 10 láti fi hàn bí dark matter ṣe ń kóra jọ. Wọ́n kó àwọn hélò tí ìwúwo wọn dọ́gba, wọ́n wá wo ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ní ìdajì ìwúwo tó ní lónìí. Láàárín àwọn kékeré, àwọn tó tètè dàgbà ń súnmọ́ra ju àwọn tó pẹ́ dàgbà lọ dáadáa.

Ohun tó jọ pé ó fà á jù ni hélò ńlá tó wà nítòsí. Òòfà rẹ̀ ń mú kí ohun tó yẹ kó wọ inú hélò kékeré máa sáré kọjá, bí oníbàárà ṣe ń kọjá níwájú ìsọ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ọjà ńlá. Hélò kékeré náà kò wá lè sanra mọ́, ìyẹn ló fi dà bí ẹni pé ó ti dàgbà tipẹ́. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ti gba inú hélò ńlá kọjá rí, wọ́n sì pàdánù lára ìwúwo wọn níbẹ̀.

Nípa bí àárín hélò ṣe ki sí, ọ̀rọ̀ yí padà bí ìwúwo bá ti pọ̀: láàárín àwọn kékeré, àwọn tí àárín wọn ki ló ń súnmọ́ra jù, ṣùgbọ́n láàárín àwọn tó tóbi jù lọ, àwọn tí àárín wọn kò ki tó bẹ́ẹ̀ ni.

Ojú ọ̀run gan-an ni wàhálà wà, nítorí a kò lè rí ọjọ́ orí hélò níbẹ̀. Ní 2016, àwọn kan kéde pé àwọn ti rí àmì pé ìwúwo nìkan kọ́ ló ń pinnu bí hélò ṣe ń súnmọ́ra lára àwọn agbo ńlá ìṣùpọ̀ ìràwọ̀, àmọ́ àyẹ̀wò tó tẹ̀ lé e fi hàn pé àwọn ìṣùpọ̀ tó wà níwájú tàbí lẹ́yìn agbo náà, tí a kà mọ́ ọn, ló fa èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n rí.