Wọ́n kọ físà ìyàwó mi, ṣé kí n tún bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: Ìbàdàn ni ìyàwó mi wà, ó fẹ́ wá bá mi nílùú Ọba. Wọ́n ní payslip (ìwé owó oṣù) mi ní Lọ́ńdọ̀nù kò bá sítétímẹ́ǹtì báńkì mu. Ṣé ó di dandan kí n dúró kí n tó tún gbìyànjú?

Ìdáhùn: Rárá o, àfi tí wọ́n bá ní ẹ lo ayédèrú ìwé, ìyẹn lè ti ilẹ̀kùn fún ọdún 10. Ẹ lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn láàárín ọjọ́ 28, àmọ́ ó máa ń falẹ̀. Kí ẹ kọ ìwé ìbéèrè físà tuntun ló yá jù fún irú èyí. Payslip oṣù 6, sítétímẹ́ǹtì oṣù 6 kan náà: bí payslip bá ní £2,110 ló kàn yín, £2,110 gẹ́lẹ́ ni kó wọ báńkì. Owó ọwọ́ tí kò dé báńkì, wọn ò ní kà á. Ẹ sọ nínú ìwé tuntun náà pé wọ́n ti kọ físà ìyàwó yín rí. Ó kúkú wà nínú kọ̀ǹpútà wọn.